Ọmọlanke Ló Yọ Denver

Lọ́dún 1994, àwọn aláṣẹ ìlú Denver ní Amẹ́ríkà pe àwọn oníròyìn wá wo ẹ̀rọ agbẹ́rù. Pápákọ̀ òfurufú tuntun ni wọ́n ń kọ́, wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ àwòṣífìlà. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa darí ọkọ̀ kéékèèké tó ju 3,000 lọ lórí irin tó gùn ju kìlómítà 25 lọ, tí yóò máa gbé báàgì èrò títí dé ẹ̀bá bàálù. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ń kọ lu ọkọ̀, báàgì ń ya, aṣọ inú wọn ń fọ́n ká sábẹ́ irin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí wọ́n dá a dúró.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Ilé-iṣẹ́ bàálù United ló kọ́kọ́ fẹ́ irú ẹ̀rọ yìí fún apá tirẹ̀ nìkan. Ó wá wu ìlú, wọ́n ní kó kárí gbogbo pápákọ̀. Wọ́n ké sí àwọn agbaṣẹ́ṣe; mẹ́ta péré ló dáhùn, kò sì sí èyí tó lè parí kí gbèdéke tó pé. Wọ́n bá padà sọ́dọ̀ ẹni tí United ti gbéṣẹ́ fún. Àmọ́ ilé ti ga, wọ́n sì ti gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀. Irin gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀, kọ́nà ibẹ̀ sì há: wọ́n ti rán ṣòkòtò tán kí wọ́n tó wọn ìdí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Àwọn ará pápákọ̀ òfurufú Munich, ní Jámánì, tí wọ́n ti ní irú ẹ̀rọ yìí, kìlọ̀ fún àwọn ará Denver. Ẹ̀rọ tiwọn kò díjú tó ti Denver, síbẹ̀ ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi dán an wò. Denver kò ráyè ìyẹn. Oṣù kẹwàá 1993 ni wọ́n ti dá fún ìṣíde.

Oṣù 16 kọjá lórí ọjọ́ tí wọ́n dá. Ojú ọ̀nà bàálù ti ṣetán, ilé ti ṣetán, ẹrù ló so gbogbo wọn mọ́lẹ̀, owó tó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ sì ń ṣòfò lójoojúmọ́. Nígbẹ̀yìn, Wellington Webb, olórí ìlú náà, ní kí wọ́n ṣètò ti àtijọ́ sí i: katakata tó ń fa ọmọlanke. Ọjọ́ 28 oṣù kejì 1995 ni pápákọ̀ tó ṣí. United nìkan ló lo ẹ̀rọ náà, òun náà sì pa á tì lọ́dún 2005.

Kì í ṣe pé ohun tuntun kò dára. Ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi tuntun, etí odò ló ti ń dán an wò. Kì í kó tìyàwó-tọmọ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ká ní apá United nìkan ni ẹ̀rọ náà mọ sí, tí ọmọlanke sì wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pápákọ̀ ì bá ti ṣí, ẹ̀rọ ì bá sì ráyè kọ́ṣẹ́.