Ta Ni Ó Kọ́ Ọmọ Titun Láti Mu Ọmú?

Bí a bá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, yóò yíjú sí ìhà tí ìka náà wà, yóò la ẹnu, yóò sì máa wá ọmú. Bí orí ọmú bá kan àjà ẹnu rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Bí wàrà bá kún ẹnu rẹ̀, yóò gbé e mì. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi yé wa pé láti inú oyún ni ó ti ń gbé omi tí ó yí i ká mì. Bí a bá sì gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà ní kété tí a bí i, ó lè máa fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa tọ òórùn ọmú lọ títí yóò fi dé ibẹ̀.

Ǹjẹ́ a lè pe èyí ní ìmọ̀? Àwọn kan nínú wa yóò ní bẹ́ẹ̀ ni: orí rẹ̀ ni ó mọ ọ̀nà. Àwọn mìíràn yóò ní rárá: ìṣe ara lásán ni, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń ṣẹ́jú nígbà tí eruku bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò lè jiyàn rẹ̀: bí kò bá sí ẹni tí ó gbé e mọ́ àyà, asán ni gbogbo wíwá rẹ̀. Ohun tí a bí mọ́ ọmọ kì í ṣe oúnjẹ, ìbéèrè ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Ṣé nítorí pé ọmọ béèrè ni ó ṣe di dandan fún wa láti fún un? Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 kì í sábà lè so fífà, gbígbémì àti mímí pọ̀ dáadáa. A lè fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó má yíjú. Kò béèrè. Síbẹ̀, kò sí abiyamọ tí yóò sọ pé òun kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìyá yóò fi ọwọ́ fún wàrà rẹ̀ sínú ife. Àwọn olùtọ́jú yóò fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e dé inú ikùn ọmọ. Wọn yóò sì dì í mọ́ àyà ìyá, ara kan ara, títí yóò fi lè fa ọmú fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, gbèsè náà ti wà kí ìbéèrè tó dé. Ìbéèrè kàn ń fi àkókò hàn wá ni. Ọmọ tí ebi ń pa yóò kọ́kọ́ yíjú, yóò la ẹnu, yóò ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ẹkún ni ó máa ń gbẹ̀yìn. Ìyá tí ó mòye kì í dúró de ẹkún.

A gbà pé ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí yàrá ìbímọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wà láàárín wa tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ pé òun kò tíì jẹun. Àgbàlagbà wà tí àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè, a ti gbàgbé bí wọ́n ti ṣe tọ́ àwa náà dàgbà.