Ìdí Kóńgò

Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì. Kí oòrùn tó mú, àwọn oníṣòwò ti gba ojú ọ̀sà wá láti ìhà Àjàṣẹ́, èdè Ẹ̀gùn àti Yorùbá á sì máa dún pọ̀ lẹ́nu wọn. Níbẹ̀ ni màmá kan tó ń ta gàrí ti dojú kóńgò rẹ̀ délẹ̀ kí n tó bèèrè iye tó ń tà á. Ó ní: "Oníbàárà mi, ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. N ò lù ú wọnú o." Ẹni tó bá ń ra gàrí mọ ohun tó ń sọ. Àwọn kan a máa lu ìdí kóńgò wọnú kí gàrí má baà gbà tó bó ṣe yẹ. Tí o bá wò ó láti òkè, kò sóhun tó ṣe é.

Bí mo ṣe fọwọ́ kan ìdí kóńgò náà, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ Iléṣà ni, wọ́n bí i lọ́dún 1925, ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Dublin. Kò pẹ́ tó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n gbé ẹjọ́ òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká wá síwájú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni ohun tó dá ẹjọ́ náà sílẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti dìbò, wọ́n ti yí ìbò, wọ́n ń jó ilé ara wọn níná. Olóyè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àfi bí ẹnì kan ṣe gbé ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò tó ní kí wọ́n yọ téèpù Olóyè, kí wọ́n fi tòun sí i. Wọ́n ní Ṣóyínká ni.

Ẹni ogójì ọdún ni Ẹ̀ṣọ́ nígbà yẹn. Àgbà ni Akíntọ́lá jẹ́ sí i, òun náà sì ni ìjọba. Wọ́n sì ti fi ìtẹríba fún àgbà kọ́ gbogbo wa láti kékeré, ọmọlúàbí ò gbọdọ̀ ṣe aláìní in. Ṣùgbọ́n ìtẹríba kò ní ká tẹ òtítọ́ ba. Àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba ń ta ko ara wọn, ohun tí eléyìí rí, ìyẹn ní òun ò rí i. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Ẹ̀ṣọ́ dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le fún mi nìyí: nígbà tó yá, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun ni. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé adájọ́ náà ṣe àṣìṣe nígbà náà. Èmi ò gbà. Ohun tí wọ́n bá dà sínú kóńgò ni kóńgò ń wọ̀n. Ìjọba da ààbọ̀ sí i, wọ́n fẹ́ kó pè é ní ẹ̀kún. Bó bá fi ohun tó rò nínú ara rẹ̀ kún un, kó baà tó, ó ti lu ìdí rẹ̀ wọnú nìyẹn, ì báà jẹ́ òótọ́ ló rò.

Ọdún méjì ṣáájú ẹjọ́ Ṣóyínká, ní kóòtù gíga Èkó, Adájọ́ Ṣódẹìndé Ṣówẹ̀mímọ́ rán Olóyè Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ alátakò, lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó sọ fún un pé ọwọ́ òun wà ní dídì. N kò bá a wí pé ó dá a lẹ́bi. Ẹ̀rí tó gbà gbọ́ ló tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló dùn mí. Títí dòní làwọn èèyàn ń bèèrè ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀. Ọlọ́jà lè fi èènì tu oníbàárà nínú, adájọ́ ò ní èènì tó lè fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1979, nígbà tí ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Shagari lórí ìbò ààrẹ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, Ẹ̀ṣọ́, tó ti di adájọ́ níbẹ̀, yapa sí ìdájọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀yà ló ń ṣe, torí Yorùbá bíi tirẹ̀ ni Awólọ́wọ̀. Ó yẹ kí irú wọn ka ẹjọ́ Ojúkwu ti ọdún 1986. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé Ojúkwu kúrò nínú ilé ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n kọ̀, wọ́n tún wá ń bẹ̀bẹ̀ níwájú àwọn Ẹ̀ṣọ́. Ọmọ Igbo ni Ojúkwu, ó ti kó ogun ja orílẹ̀-èdè yìí rí. Ẹ̀ṣọ́ sọ fún ìjọba pé a kì í fi ọwọ́ agbára ṣe òfin, kò sì gba ẹ̀bẹ̀ wọn. Àwọn ológun ló wà lórí àléfà, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ó ṣì jókòó sórí àga ìdájọ́ yẹn fún bí ọdún mẹ́rin kó tó fẹ̀yìn tì ní 1990.