Ìwọ̀n Àṣìṣe Nínú Ìwádìí Èrò Ọkàn Ènìyàn

Ẹni tí ó bá ń ra gàrí ní ọjà Ìjẹ̀bú-Òde kì í da gbogbo àpò sílẹ̀ kí ó tó mọ̀ bí gàrí náà ti kan tó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò bù sẹ́nu, tí yóò sì fi dá ìyókù lẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tí ń ṣe ìwádìí èrò ọkàn ará ìlú ń ṣe: wọn a bi ẹgbẹ̀rún ènìyàn léèrè, wọn a sì sọ̀rọ̀ ní orúkọ ọ̀kẹ́ àìmọye. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀tọ́ wo ni àwọn tí a bi ní láti sọ̀rọ̀ fún àwọn tí a kò bi?

Àwa kò pẹ̀gàn iṣẹ́ náà. Bí a bá ṣẹ́ kèké yan 1,000 ènìyàn, tí olúkúlùkù sì ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú kèké, ìmọ̀ ìṣirò fi hàn pé, nígbà 19 nínú 20, èsì wọn kì yóò fi ju nǹkan bí 3 nínú 100 lọ yàtọ̀ sí ti gbogbo ìlú, ìbáà ṣe sókè, ìbáà ṣe sísàlẹ̀. Èyí ni ìwọ̀n àṣìṣe. Ohun ìyanu ni pé, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú-Òde nìkan, ìbáà ṣe gbogbo Nàìjíríà, 3 náà ni. Iye ẹni tí a bi ni ó ń pinnu rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ní 45, tí ẹnì kejì ní 42, kò tíì tó ohun tí a ń jó sí.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àṣìṣe jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí kèké dá. Kò sọ ohunkóhun nípa àwọn tí kèké kò lè mú, tàbí àwọn tí a bi tí wọ́n sì pa ẹnu mọ́. Nígbà tí Áhábù ọba Ísírẹ́lì fẹ́ lọ jagun ní Ramoti-Gílíádì, ó bi nǹkan bí 400 wòlíì léèrè, gbogbo wọn sì fi ohùn kan wí pé kí ó lọ. Bí ó tilẹ̀ fi 400 mìíràn kún wọn láti inú agbo kan náà, ọfà ì bá ṣì bà á. Bákan náà ni ẹni tí ó bá dúró ní Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, láàárín àwọn régbérégbé nínú aṣọ olówó iyebíye, tí ó ń béèrè bí ara ti rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìbáà bi 10,000, àgbẹ̀ tí ó wà lóko kò sí níbẹ̀.

Ọdún 2023 fi èyí hàn wá. Kí a tó dìbò ààrẹ ní 25 oṣù Kejì, ilé-iṣẹ́ Premise fi ẹ̀rọ alágbèéká bi 2,384 ènìyàn léèrè fún Bloomberg. 66 nínú 100 àwọn tí wọ́n ti pinnu ni ó dárúkọ Peter Obi. Ìwọ̀n àṣìṣe irú iye bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí 2 lọ. Àjọ INEC kéde nǹkan bí 37 fún Bola Tinubu, 29 fún Atiku Abubakar, 25 fún Obi. Nínú àwọn tí ó lé ní 93 mílíọ̀nù tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó jáde dìbò.

Àwọn kan ní ìwádìí yìí ni ẹ̀rí pé a jí ìbò. Àwọn mìíràn pe àwọn tí ó ṣe é ní òpùrọ́. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì di ẹrù lé e ju èyí tí ó lè rù lọ. Ẹ̀sùn ìbò ní ẹ̀rí tirẹ̀ tí a ń wá níbòmíràn, àti ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì parí ti ọdún náà ní 26 oṣù Kẹwàá. Ẹni tí ó ní fóònù ìgbàlódé lọ́wọ́ kò lè jẹ́rìí fún ẹni tí kò ní.

Ẹ wo ìwádìí tí NOIPolls ṣe fún Anap Foundation ní oṣù Kejìlá 2022. Obi ni ó ṣíwájú níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ní 23, Tinubu ní 13. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé 29 kò tíì pinnu, àti pé 23 kọ̀ láti dáhùn. Àwọn tí kò sọ tinú wọn lé ní ìdajì! Àwa kò rí irọ́ nínú èyí. Ẹni tí ó gbé orúkọ aṣáájú nìkan káàkiri ìlú, tí ó sì fi ìdajì yìí sílẹ̀, òun ni ó ṣẹ̀ wọ́n; ó mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn, ó sì pín in fún àwọn tí ó sọ̀rọ̀.