Ọ̀gá Ilé-Ìwé àti Tíṣà Tí Iṣẹ́ Wọ̀ Lọ́rùn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wò ní ìlú Benin. Gómìnà Adams Oshiomhole na ìwé kan sí tíṣà obìnrin kan, ó ní kó kà á sókè. Ìwé ìbúra tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ mú wá ni. Ó ń tàsé ọ̀rọ̀, ó ń dúró, kò lè kà á já. Kámẹ́rà wà níbẹ̀, kò sì pẹ́ tí fídíò náà fi gba orí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú, àwọn kan ní ohun tó wá lọ ló rí. Ìbéèrè kan wà tí púpọ̀ nínú wa kò bèèrè: ta ló ń fọwọ́ sí lẹ́sìn nóòtù obìnrin yìí láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀?

Kò sí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò ní ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni hẹ́dímásítà tàbí hẹ́dímísírẹ̀ẹ̀sì ń gba nóòtù, tó ń fi báírò pupa sàmì sí i, tó ń kọ déètì sí abẹ́ rẹ̀. Bí tíṣà bá lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ tí kò mọ ìwé kà dáadáa, a jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá gbáko ni báírò pupa yẹn fi purọ́. Ní ọdún 2017, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé 21,780 nínú nǹkan bí 33,000 tíṣà ni kò yege nínú ìdánwò tí wọ́n fi iṣẹ́ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní àwọn yóò lé wọn. Ọ̀rọ̀ tíṣà gba ìlú kan, ti ọ̀gá tó ń buwọ́ lu iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún kò dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lé ìwọ̀n ọmọlúàbí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ń ṣàlàyé ohun tí Yorùbá fi ń mọ ọmọlúàbí, ó ka ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, ìwà, akínkanjú, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé. Bí tíṣà bá kùnà, kíá la ó gbé òun sórí ìwọ̀n yìí: ó ya ọ̀lẹ, kò lótìítọ́, kò ní ìtẹríba. Ní tèmi, ọ̀gá rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gun ìwọ̀n.

Òtítọ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń ti ibẹ̀ pín tíṣà sí ẹni rere àti ẹni burúkú, kò tíì mọ nǹkan kan. Nóòtù lè mọ́ tónítóní kó jẹ́ pé àdàkọ ti èṣí ni. Kíláàsì lè pa lọ́lọ́ kó jẹ́ pé pàṣán ló pa á mọ́. Àfi kí ọ̀gá wọlé, kó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ, kó wo ẹ̀kọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibẹ̀ ni yóò ti rí i pé ohun tó ń da tíṣà kan láàmú yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹnì kan mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n ọmọ àádọ́rin ló wà níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní ọmọ 35 ni kí tíṣà kan máa kọ́. Ẹlòmíràn gboyè nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, wọ́n ní kó máa kọ́ ìṣirò nítorí pé kò sí tíṣà ìṣirò. Ẹlòmíràn ń ṣàìsàn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn kò kúkú mọ̀ ọ́n, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Kúẹ́rì kan náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń kọ sí gbogbo wọn.

Lẹ́yìn òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọ̀gá tó bú tíṣà lórí àsẹ́ńbílì rò pé òun ń tún ilé-ìwé ṣe ni. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún gbọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sínú. Láti ọjọ́ náà lọ, bí tíṣà bá ní kí wọ́n dákẹ́, wọn kò ní dákẹ́ mọ́. Ohun ìjà kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá ti gbà á. Ní báyìí, èébú ti kúrò lórí àsẹ́ńbílì, ó ti bọ́ sórí WhatsApp: ọ̀gá yóò ya fọ́tò nóòtù tí kò péye, yóò gbé e sójú gbogbo òṣìṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ọ̀gá tó mọ ọ̀rọ̀ sọ yóò pe tíṣà sí ọ́fíìsì, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò ní: “Ẹ jókòó, mà. Mo wà ní kíláàsì yín lánàá. Ìtàn tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ dùn mọ́ àwọn ọmọ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ dé orí ìṣirò onídàá, mo rí i pé wọn kò bá yín lọ mọ́. Kí lẹ rò pé ó fà á?” Kò pọ́n tíṣà ní àpọ́njù, kò sì fi àléébù pamọ́. Ìbéèrè tó fi parí ọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹni tí a bi léèrè yóò ronú, ẹni tí a bú yóò wá àwáwí.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi “ẹ” àti “mà” sínú ọ̀rọ̀ yẹn ni. Lóde òní, ọ̀gá ẹni ọdún márùndínlógójì lè máa darí tíṣà tí ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá bu ọlá fún tíṣà bẹ́ẹ̀, àṣẹ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Àwọn mìíràn a máa bẹ̀rù àgbà débi pé wọn kò ní sọ àṣìṣe rẹ̀ fún un rárá. Àwọn méjèèjì ló kùnà. Ìtẹríba kò ní ká má sọ òtítọ́ fún àgbà. Ohun tó ní ni pé ká mọ bí a ó ṣe sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ìyá tẹ́lọ̀ bá rí i pé ọmọ iṣẹ́ òun gé aṣọ wọ́gọwọ̀gọ, kò ní kọ lẹ́tà sí i. Yóò gba sísọ́ọ̀sì, yóò gé e lójú rẹ̀, yóò ní kó gé òmíràn kí òun rí i. Báyìí gan-an ni iṣẹ́ tíṣà ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa. Ní ayé àwọn míṣọ́nnárì, àwọn ọ̀dọ́ tí à ń pè ní púpù tíṣà máa ń kọ́ ọmọ, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 800,000. Tíṣà tó gboyè kò tó, wọ́n gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò kọ́ iṣẹ́ náà rí. Ẹni tó wà nítòsí láti sọ wọ́n di tíṣà ni ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí wọn ní ọdún 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen’s “A” ní Ilé-Ifẹ̀, pé kí á fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà, wọn kò fi tíṣà sílẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n ṣe ìwé ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún un ní Yorùbá. Ẹni tí a bá fún ní irinṣẹ́ la lè bi nípa iṣẹ́.

Ọ̀gá tó fẹ́ ran tíṣà lọ́wọ́ lónìí lè tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ kan fúnra rẹ̀ kí tíṣà náà máa wò. Kí ó jẹ́ kó lọ jókòó ní kíláàsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n sì jọ kọ nóòtù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Inú rere ń kọ́? Láti ọdún 2015 títí di 2018, ìdajì owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ipò kejìlá sókè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gbà, tíṣà sì pọ̀ nínú wọn. Kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tó lè san ìdajì tó kù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló ń ṣe táìmù-tébù, ó lè rí i pé ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá kò ní ẹ̀kọ́ ìdájí. Òun ló ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìgbéga, kò yẹ kí ó máa jókòó lé e. Ó lè dáwọ́ owó kéékèèké tí à ń gbà lọ́wọ́ tíṣà fún ayẹyẹ dúró. Ó sì lè yìn ín. Yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn. Kì í ṣe “ẹ kú iṣẹ́ o” tí à ń sọ fún gbogbo ayé ni mò ń wí, bí kò ṣe pé kí ọ̀gá sọ ohun tí òun rí ní pàtó: àwọn ọmọ mẹ́ta tí kò lè kàwé ní oṣù tó kọjá ti ń kà á báyìí, iṣẹ́ yín ni.

Síbẹ̀, inú rere tí kò ní akínkanjú nínú ń pa ọmọ ọlọ́mọ lára. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì lọ́dún yìí kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Bí tíṣà rẹ̀ kò bá kọ́ ọ, ọdún rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ní gbèdéke: ohun tí a fẹ́ kó yí padà, ọjọ́ tí a ó tún wò ó, àkọsílẹ̀ tí àwọn méjèèjì buwọ́ lù. Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sí àyípadà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, kódà kí tíṣà náà jẹ́ ará ìjọ rẹ̀ tàbí ẹni tí ọlọ́lá kan fi ránṣẹ́. Akínkanjú náà ni kí ọ̀gá sọ fún ìgbìmọ̀ kan náà pé ọmọ àádọ́rin ti pọ̀ jù fún tíṣà kan, kí ó má ṣe jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ ti ń le.

Àwọn ọ̀gá yóò ní àwọn kò ráyè: ìwé kíkọ pọ̀, ìpàdé pọ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń di kíláàsì mú pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀gá. Òótọ́ ni, ìjọba sì jẹ̀bi púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan kì í sábà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, wíwò ó kò náni lówó, kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá tó ń rí àyè kọ kúẹ́rì yóò rí àyè jókòó ní kíláàsì.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lọ sí ìpàdé ilé-ìwé, ẹ má ṣe bèèrè pé tíṣà wo ni kò dáa nìkan. Ẹ bi ọ̀gá pé kí ló ti ṣe fún un. Ní tiyín, ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ bá lo ọdún mẹ́ta ní ilé-ìwé kan, tí kò sí tíṣà kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé lábẹ́ yín ni òun ti mọ iṣẹ́ yìí sí i, ẹ jẹ oyè ọ̀gá ni, ẹ kò tíì ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí.