Kẹ́mi Adéòṣun àti Òṣùwọ̀n Ọmọlúàbí

Kẹ́mi Adéòṣun di mínísítà ètò ìnáwó Nàìjíríà ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ó sì fi ipò náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1967, tí ó sì dàgbà sí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀-ajé ní ilé ẹ̀kọ́ tó di University of East London lónìí, ó jáde ní 1989, ó sì di akáǹtáǹtì. Lára ibi tó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ PricewaterhouseCoopers. Ní 2002 ó wá sí Èkó, ó dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ Chapel Hill Denham, ó sì di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá níbẹ̀ kí Gómìnà Ìbíkúnlé Amósùn tó mú un ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2011.

Yíyẹ ìwé wò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó dé Abuja, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè náà sì dẹnu kọlẹ̀ ní 2016. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ fi nọ́ńbà BVN tó wà lọ́wọ́ báńkì tú ìwé owó oṣù ìjọba wò, wọ́n sì yọ orúkọ tó ju 23,000 lọ kúrò nínú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ó gbé ètò kan jáde pé ẹni tó bá tú àṣírí owó ìjọba tí wọ́n jí pamọ́ yóò gba ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìjọba bá rí gbà padà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí owó dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlélógójì nínú ilé kan ní Ìkòyí. Ní 2017 ètò VAIDS bẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá jẹ ìjọba ní owó orí lè wá jẹ́wọ́, kí ó san gbèsè, kí wọ́n sì fojú fo ìtanràn. Ìjẹ́wọ́ gan-an ni ìpìlẹ̀ ètò yìí.

Tí a bá fi iṣẹ́ nìkan wọn ọmọlúàbí, kò sí àríyànjiyàn púpọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 2018, ìwé ìròyìn Premium Times kọ ọ́ jáde pé ìwé tí mínísítà náà ń lò, èyí tó sọ pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ agùnbánirọ̀ (NYSC), ayédèrú ni. Ọdún 2009 ni ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Òfin yọ̀ǹda ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́; ọmọ ọdún méjìlélógún ni Adéòṣun nígbà tó jáde.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká àwọn ènìyàn lára kò ṣòro láti mọ̀. Láti 1973 ni ìjọba ti dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Abraham Adésànyà Estate ní Àjà lè bá ara rẹ̀ ní Zamfara tàbí Bayelsa fún ọdún kan gbáko, ó sì gbọ́dọ̀ lọ, nítorí kò ní rí iṣẹ́ ìjọba gbà láìsí ìwé ẹ̀rí ìsìn náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ojú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ń béèrè rẹ̀. Ojú irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ni mínísítà tó ń lé òṣìṣẹ́ ayédèrú ti di ẹni tó ń lo ìwé ayédèrú.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àlàyé Adéòṣun wà nínú lẹ́tà tó fi kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ó ní òun ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí òun tó gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, pé wọ́n sọ fún òun pé ìsìn náà kò kan òun mọ́ nítorí ọjọ́ orí òun àti ibi tí òun gbé dàgbà, àti pé àwọn tí òun fọkàn tán ló bá òun gba ìwé náà wá. Ìwé yìí kan náà ni òun gbé síwájú Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2011 àti síwájú àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS ní 2015. Kò sì sẹ́ni tó fura. Ó ṣeé gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n akáǹtáǹtì tó mọ bí a ṣe ń wá orúkọ tí kò ní olówó oṣù, kò rántí wo ìwé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Fífi ipò sílẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìtìjú wà lára ohun tí Yorùbá fi ń mọ ọmọlúàbí, ó sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn olóṣèlú Nàìjíríà. Ní oṣù kẹsàn-án kan náà ni ọ̀rọ̀ agùnbánirọ̀ dé bá Adébáyọ̀ Shittu, mínísítà ìbánisọ̀rọ̀. Òun náà kò sìn. Ó ní jíjókòó òun nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1979 ti tó fún ìsìn. Ẹgbẹ́ APC tìtorí rẹ̀ dá a dúró láti du ipò gómìnà, síbẹ̀ kò kúrò nípò mínísítà.

Ibi tí òṣùwọ̀n Adéòṣun ti rẹlẹ̀ ni oṣù méjì ó lé tó dákẹ́. Àjọ NYSC gbé àtẹ̀jáde síta pé ó béèrè fún ìyọ̀ǹda, pé àwọn yóò wádìí. Mínísítà fúnra rẹ̀ kò bá ará ìlú sọ nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé wọ́n tàn án ni, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí ará ìlú gbọ́ èyí lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́tà tó dé lẹ́yìn ìwádìí kò ní agbára tí ì bá ní ká ní ó ṣáájú ìwádìí.

Ní ọjọ́ keje oṣù keje ọdún 2021, Adájọ́ Táíwò Táíwò ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá dájọ́ pé ìsìn náà kò kan Adéòṣun rárá, nítorí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà lábẹ́ òfin ọdún 1979 nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó sì padà wálé, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìdájọ́ yìí mú kí ìwé ayédèrú náà di ohun tí kò tilẹ̀ nílò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò padà sí ìjọba Ààrẹ Buhari. Ó dá DashMe Foundation sílẹ̀, tó ń ta ẹrù tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ láti fi ran àwọn ọmọ aláìní lọ́wọ́.

Èyí tó kù sílẹ̀ ni àwọn tó ní òun fọkàn tán. Lẹ́tà náà kò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn. A lè pe èyí ní bíbo àṣírí ọ̀rẹ́, tí Yorùbá kà sí ìwà àgbà. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ni wọ́n ṣe ayédèrú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé, ẹni tó sì ṣe é fún mínísítà lè ti ṣe é fún ẹlòmíràn.