Ẹ̀kọ́ Ìṣọ́wóná Fún Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹrù Tí Ó Wà Lọ́rùn Wa

Bismillāhi Rahmāni Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Allāh, Ọba tí Ó ni owó, tí Ó sì ni àwa tí à ń ná an. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammadu, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin! Owó ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí nínú oṣù yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ó ṣe wá a ni a fẹ́ sọ. Ìbéèrè wa ni pé: ta ni yóò kọ́ ọmọ iléèwé bí a ti ń ṣọ́ owó, bí a ti ń ná an, àti bí a ti ń dá òwò tòótọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí gbájú-ẹ̀?

Nínú Súúrà Nisāu, áyà 6, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwọn tí ń tọ́jú dúkìá ọmọ òrukàn pé kí wọ́n máa dán àwọn ọmọ náà wò títí wọn yóò fi tó ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá rí i pé làákàyè wọn ti gún, nígbà náà ni kí wọ́n kó ohun ìní wọn fún wọn. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ orí nìkan kò tó. Àwọn onítúmọ̀ kan tilẹ̀ sọ pé kí á fún ọmọ náà ní owó díẹ̀ kí ó fi ṣòwò, kí á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni ìdánwò yẹn, Ọlọ́hun ni ó sì pa á láṣẹ.

Nígbà wo ni a dán àwọn ọmọ tiwa wò? Ọmọ ọdún 17 wọ yunifásítì, wọ́n kó owó sáà kan fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ bí yóò ṣe pín in. Kí oṣù méjì tó pé, gààrí ti kù díẹ̀ nínú ike, owó ti tán, ni ọ̀rẹ́ kan bá mú ọ̀nà ìlọ́po owó wá. Bí MMM ṣe wọlé nìyẹn, tí ó ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú 100 lóṣooṣù, kí ó tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Bí CBEX náà ṣe wọlé nìyẹn, tí ó dojú dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí àwọn ènìyàn ń sunkún owó wọn n'Íbàdàn àti káàkiri.

Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni akáńtáǹtì kan nílò níwájú pátákó láti tú àṣírí yìí. Kí ó kọ ₦10,000 sílẹ̀. Ní ìdá 30 lóṣù, oṣù kìíní di ₦13,000, oṣù kejì di ₦16,900. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọdún kan yóò sọ ọ́ di ohun tí ó lé ní ₦232,000. Kí ó wá bi àwọn ọmọ náà léèrè: òwò wo ní ọjà Bódìjà tàbí Balógun ni ó ń sọ náírà kan di mẹ́tàlélógún láàrin ọdún kan? Ọmọ tí ó bá ti ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, ó ṣòro kí ahọ́n dídùn tó mú un.

Nítorí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ báńkì, ẹ̀yin akáńtáǹtì, ẹ̀yin ayẹ̀wé-owó-wò láàárín wa, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Áyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, áyà 282 nínú Súúrà Bakara, ọ̀rọ̀ gbèsè àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni ó dá lé. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti kọ̀ fún akọ̀wé kí ó má ṣe fi ìmọ̀ rẹ̀ dun ènìyàn, nítorí Òun ni Ó fi mọ̀ ọ́n. Ànábì wa náà sì sọ, nínú hádíìsì tí Tirmisi gbà wá, pé ẹsẹ̀ ọmọ Ádámà kò níí kúrò lójú kan ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ títí a ó fi bi í ní nǹkan márùn-ún: ọjọ́ ayé rẹ̀, ìgbà èwe rẹ̀, ibi tí ó ti rí owó, ohun tí ó ná an sí, àti ohun tí ó fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dáhùn nípa èwe rẹ̀ àti owó rẹ̀. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n, o ó dáhùn nípa ìmọ̀ rẹ.

Àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é. Láti ọdún 1999 ni Junior Achievement ti wà ní Nàìjíríà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń yọ̀ǹda wákàtí wọn láti kọ́ ọmọ iléèwé nípa owó àti òwò. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì pẹ̀lú máa ń wọ iléèwé girama lọ kọ́ni ní Ọ̀sẹ̀ Owó Àgbáyé tí a ń ṣe ní oṣù Kẹta. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣàlàyé èlé, sàká àti òwò hàlálì fún ọmọ Mùsùlùmí ńkọ́? MSSN ti wà láti ọdún 1954. Ìpàdé wà, ìpàgọ́ wà, àsàlátù ọjọ́ Sunday wà. Olùkọ́ ni ó kù. Kí ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí má sì fà sẹ́yìn. Oníṣòwò pàtàkì ni ìyá wa Kadijatu jẹ́ kí Ànábì tó fẹ́ ẹ.

Ẹ tún gbọ́ ohun tí Abu Dawuda gbà wá. Ọkùnrin kan nínú àwọn Ansari wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ànábì. Ànábì bi í léèrè ohun tí ó ní nílé. Aṣọ kan àti igbá ìmumi kan ni. Ànábì ní kí ó kó wọn wá, ó gbé wọn lọ́wọ́, ó fi wọ́n ṣe gbàǹjo fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ní òun ó san dírámù kan. Ànábì ní ta ni yóò fi kún un, títí ẹlòmíràn fi san méjì. Ó ní kí ọkùnrin náà fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi ọ̀kan ra àáké. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ki igi bọ àáké náà, ó ní kí ó lọ máa ṣẹ́gi tà, kí òun má rí i fún ọjọ́ 15. Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, dírámù mẹ́wàá ni ó kó bọ̀.

Ẹ wò ó bí iṣẹ́ náà ti pé: ìkówójọ wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ bí a ti ń pín owó wà níbẹ̀, irinṣẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ tí a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àpẹẹrẹ tiwa nìyí. Kí ẹgbẹ́ dáwó fún ìwé, chalk àti owó ọkọ̀ olùkọ́. Ẹni tí kò lè kọ́ni, kí ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àmáánà ni owó tí a bá dá jọ. Kí ènìyàn méjì máa tọ́jú rẹ̀, kí ẹni tí ó bá dáwó gba rìsíìtì, kí á sì ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ tí kò lè ṣírò owó ara rẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ni yóò fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má jókòó de olùkọ́. Ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí, kí ẹ máa kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde. Owó ìyáwó tí NELFUND bẹ̀rẹ̀ sí í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 2024 kò ní èlé lórí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n gbèsè ni, kì í ṣe sàárà. Ànábì sọ fún wa pé a óò fi gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ji ẹni tí ó kú sójú ogun Ọlọ́hun, àyàfi gbèsè. Ẹni tí yóò fi owó náà ra fóònù tuntun, kí ó ro ti ọjọ́ tí yóò san án.

Ọlọ́hun, fún wa ní ohun hàlálì, fún wa ní làákàyè tí a ó fi ná an, má sì jẹ́ kí ìmọ̀ wa di ẹlẹ́rìí tako wa. Āmīn.