Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ohun Tí Irin Ṣe?

Nígbà tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun orílẹ̀-èdè kan bá ń di ti ìgbàlódé, iye ohun ìjà tí ó rà ni a sábà máa ń kà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í dé: bí ohun ìjà ti ń jìnnà sí ẹni tí ó ń lò ó, ṣé ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ náà ń jìnnà sí i ni?

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní àròsọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, dúróònù àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, èyíinì ni ọkọ̀ òfúrufú tí ẹni tí ń darí rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ tí ó ń wo àwòrán tí kámẹ́rà rẹ̀ ń fi ránṣẹ́, ju bọ́ǹbù sí abúlé Tudun Biri ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe Máólúdù, ayẹyẹ ìbí Ànábì. Àjọ NEMA, tí ń mójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, ròyìn pé òkú 85 ni wọ́n sin. Àwọn ológun gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni, wọ́n sì ní àwọn ṣèèṣì rò pé agbébọn ni àwọn ará abúlé náà.

Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀sìn Kátólíìkì ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ya àìmọ̀ sí ọ̀nà méjì: èyí tí kò sí bí ènìyàn ṣe lè borí rẹ̀, tí ó sì ń mú ẹ̀bi kúrò, àti èyí tí ìwádìí díẹ̀ ìbá ti tú ká, tí kì í gba olúwarẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni dúróònù dà rú. Ọmọ ogun tí ìbọn ń ró sí lójú kò ráyè wò lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó lè rà bàbà lókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ìbọn abúlé kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ti fún ẹni tí ń darí rẹ̀ ní àyè àtiwò dáadáa. Bí ìríran bá ti pọ̀ tó ni àwáwí ń dín kù. Àyè yẹn wà ní Tudun Biri pẹ̀lú, nítorí àwọn tí ó yè níbẹ̀ sọ pé bọ́ǹbù kejì bá àwọn tí ó sáré wá ṣèrànwọ́ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ẹni tí ó bá fi irin búra fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìdájọ́ Ògún; ẹlẹ́rìí ni irin níbẹ̀, kì í ṣe olùjẹ́jọ́. Òfin àgbáyé náà súnmọ́ ibẹ̀, nítorí ènìyàn ni ó di ẹrù náà lé lórí, kì í ṣe irin: Abala 36 nínú Àfikún Àkọ́kọ́ ti ọdún 1977 sí Àdéhùn Jìnífà pàṣẹ pé kí orílẹ̀-èdè yẹ ohun ìjà tàbí ọ̀nà ìjagun titun wò bóyá lílò rẹ̀ bá òfin mu. Ṣùgbọ́n ohun ìjà àti ọ̀nà ìjagun ni abala náà ní kí a yẹ̀ wò, kò mẹ́nu kan ètò àṣẹ tí ń yí i ká.

Ní ọdún 2024, iléeṣẹ́ ológun kéde pé ọmọ ogun méjì yóò fojú ba ilé ẹjọ́ ológun lórí ìṣẹ̀lẹ̀ Tudun Biri. Ó tọ́, àmọ́ kò tó, nítorí àwọn tí ó pinnu bí a ó ṣe kọ́ ẹni tí ń wo àwòrán náà, tí wọ́n sì pinnu ẹni tí yóò láṣẹ láti wí pé kí wọ́n dúró ná, ti ṣe ìpinnu tiwọn kí ọkọ̀ náà tó gbéra.